Ìbọn nínú bùùtù ọkọ̀ òṣìṣẹ́: ṣé ọ̀gá lè ní kó má gbé e wọ ọgbà?

Ántí Oníkòkó, Àkúrẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Olóyèmẹ́kún tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ òfin àti àwọn tó mọ ìbọn bá mi dá sí i.

Èmi ni mò ń mójú tó stọ́ọ̀ kòkó kan lójú ọ̀nà Oǹdó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé tí kòkó bá ti ń jáde, ọgbà kì í gba ẹsẹ̀: lọ́rì tó ń já ẹrù, àwọn tó ń sá kòkó sórí tapólì, àwọn àgbẹ̀ tó jókòó ti àpò wọn tí wọ́n ń ṣọ́ ojú ìwọ̀n bí ẹni ń ṣọ́ olè. Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń páàkì sí. A ní géètì, a ní gáàdì tí ilé iṣẹ́ aláàbò kan ń rán sí wa, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń wọlé: oníwàrà, onímọ́ínmọ́ín, ọmọ àwọn àgbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọn kòkó, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ̀dá Ìwọ̀n, ọdẹ paraku ni. Bàbá rẹ̀ ṣọdẹ, bàbá bàbá rẹ̀ ṣọdẹ. Lóru, ó ń dẹ igbó lápá ọ̀nà Ìdànrè. Tílẹ̀ bá mọ́, ibi iṣẹ́ ló ń gbà wá tààrà. Mo mọ̀ pé ó ń ṣọdẹ, èmi gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ ra ọ̀yà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ìbọn ń wà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ọmọdékùnrin tó ń bá wa gbálẹ̀, ó ní kó bá òun mú bàtà nínú bùùtù. Ọmọ yẹn ò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó sáré wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Ántí, ìbọn ń bẹ nínú mọ́tò Bọ̀dá." Mo jáde lọ wò ó fúnra mi. Ìbọn olójú méjì ni, wọ́n fi rọ́bà táyà dì í nídìí níbi tí igi rẹ̀ ti sán, aṣọ ọdẹ ni wọ́n kàn fi bò ó. Agolo mílíìkì ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, katírìjì pupa ló kún inú ẹ̀. Ọ̀yà méjì nà sílẹ̀ lórí ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí wọn lẹ́nu. Àwọn tó ń já lọ́rì ti ń yọjú.

Mo pè é sẹ́yìn. Kò bá mi jà, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó fa láísẹ́ńsì yọ látinú ọ̀rá tó fi wé e, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìbọn náà wà níbẹ̀. Ó wá ní, "Ántí, ìwé mi pé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas sì ti sọ fún mi pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ ò láṣẹ kankan lórí ìbọn tó wà nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́."

Ẹ̀yin ará, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé mo lè ní kó má gbé e wọ ọgbà mọ́? Tí wọ́n bá fọ́ ọkọ̀ yẹn tí wọ́n jí ìbọn lọ, ta ni wọ́n máa wá mú? Mi ò fẹ́ lé e o. Òṣìṣẹ́ gidi ni, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀. Mo sì mọ ọ̀nà tó ń gbà: aago márùn-ún ìdájí lójú ọ̀nà yẹn, mi ò jẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí pé ó mú ìbọn dání.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Houston

Ántí mi, ẹ kú iṣẹ́. Texas tí wọ́n dárúkọ yẹn ni mo wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Ìwọ̀n ò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kàn sọ.

Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe òfin yẹn níbí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní tí òṣìṣẹ́ bá ní ìbọn lọ́nà tó bófin mu, tó tì í mọ́ inú ọkọ̀ ara rẹ̀ níbi tí ilé iṣẹ́ yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ọ̀gá ò lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wo ibẹ̀ dáadáa: ọkọ̀ ara rẹ̀, ọkọ̀ tó wà ní títì. Ọ̀gá ṣì lè ní kẹ́nikẹ́ni má gbé ìbọn wọnú ilé iṣẹ́ gan-an. Ọkọ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ò sí nínú ẹ̀. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, tí wọ́n pọ̀ yí wa ká ní Houston níbí, wọ́n ṣì lè ní kí ìbọn má wọ inú odi wọn tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Oklahoma ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2002, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Valliant, ilé iṣẹ́ bébà Weyerhaeuser mú ajá wá yẹ ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wò, wọ́n rí ìbọn nínú àwọn kan, wọ́n sì lé àwọn tó ni ín kúrò níṣẹ́. Agbègbè ọdẹ nibẹ̀ o, bí apá Ìdànrè yẹn náà ló rí, ìbọn nínú ọkọ̀ ò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ó bí àwọn èèyàn nínú, nígbà tó di 2004 àwọn aṣòfin Oklahoma ti gbé òfin jáde pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. ConocoPhillips, ilé iṣẹ́ elépo rọ̀bì, àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gba ilé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ kan dá òfin náà dúró ní 2007, wọ́n ní ó tako òfin ààbò òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá a sílẹ̀ padà ní 2009. Kí ẹjọ́ yẹn tó parí, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń ṣe tiwọn. Florida ṣe tirẹ̀ ní 2008, tiwọn le débi pé ọ̀gá ò tiẹ̀ gbọdọ̀ bi òṣìṣẹ́ bóyá ìbọn wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Disney, àwọn tó ni ọgbà ìgbafẹ́ ńlá níbẹ̀, ní òfin yẹn ò mú àwọn o. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi gbèjà ara wọn? Ìwé àṣẹ tí wọ́n ní láti máa yin bángà aláràbarà sójú ọ̀run. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi. Ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òfin wọn ti ka ìbọn léèwọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, kódà nínú ọkọ̀ tó wà ní títì. Ilé ẹjọ́ kan fi èyí múlẹ̀ ní 2015, àmọ́ wọ́n ṣì ń jà á nílé ẹjọ́. Láti oṣù kìíní 2025, Colorado ti ní ẹni tó bá fi ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láìsí èèyàn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tì í mọ́ inú àpótí líle, níbi tí ojú ò ti lè tó o. Ìdí ò jìnnà: àwọn olè ti mọ̀. Wọ́n á máa yẹ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wò ní kọ̀ọ̀kan lóru, ìbọn ni wọ́n ń wá. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àpótí irin kékeré tó fi wáyà so mọ́ ẹsẹ̀ àga ọkọ̀ rẹ̀. Olè tó bá fọ́ gíláàsì, àfi kó tú àga.

Aṣọ ọdẹ tí Bọ̀dá Ìwọ̀n fi bo tirẹ̀, kódà ní Texas níbí, mi ò mọ ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

Bọ̀bọ́ Arákàlé

Ẹ fún un níwèé kó máa lọ ilé. Stọ́ọ̀ kòkó ni tàbí bárékè?

Lọ́yà Alágbàká

Ántí, ẹ kú làálàá. Ẹ má tẹ̀ lé ti Bọ̀bọ́, ẹ ní sùúrù ná.

Kò sí irú òfin Texas yẹn ní Nàìjíríà. Ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn, ìyẹn ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ rí dìrọ̀ mọ́ tí wọ́n fi ń bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fà á. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ò fún ẹnikẹ́ni ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyọ̀ǹda ni tiwa. Ẹni tó yọ̀ǹda fún ọ lè gbà á padà, ẹni tó ni ọgbà sì lè ní òun ò fẹ́ ẹ nínú ọgbà òun. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ní kó má gbé e wọlé mọ́.

Òfin ìbọn wa, Firearms Act, láti 1959 ló ti wà. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ àfi tí Ààrẹ bá fúnni níwèé ni ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo. Ìbọn ìléwọ́ tí ará Houston lè tì mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ọjà Ọba níbí, onítọ̀hún ti wọ gàù. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ara ẹni, irú olójú méjì Bọ̀dá Ìwọ̀n. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni òfin fún lágbára láti fúnni ní láísẹ́ńsì rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà tí à ń fi ẹ̀tù kì, àṣẹ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí àwọn ọ̀gá ńlá tó ń kà á níbí: pump-action tí ẹ gbé sẹ́yìn jíìpù yẹn ò sí nínú ọ̀nà kejì. Òfin yọ ìbọn tó ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta míì bọ ojú rẹ̀ kúrò nínú ìbọn ara ẹni. Ẹni tó ní òun bá yín gba láísẹ́ńsì fún un, ẹ tún ìwé yẹn gbé wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bùùtù. Òfin ò mọ sí ẹni tó di ìbọn mú nìkan, ó tún mú ẹni tí ìbọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Orúkọ Bọ̀dá Ìwọ̀n nìkan ló wà lórí láísẹ́ńsì. Nígbà tó ju kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ yẹn, ìkáwọ́ ta ni ìbọn wà? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, òfin ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n fún un ní láísẹ́ńsì rárá. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìbófin mu, òfin tó de ìdigunjalè àti ìbọn ní kó san ẹgbàá mẹ́wàá náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ẹ má wo ti owó yẹn o, ọdún 10 ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun kejì, tí mo mọ̀ pé ó máa wá sí yín lọ́kàn: ẹ má ní kó fi ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ gáàdì lẹ́nu géètì. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ aláàbò aládàáni ti 1986 kà á léèwọ̀ fún wọn láti mú ìbọn dání, Civil Defence ló sì ń mójú tó wọn. Gáàdì tó bá bá ọdẹ tọ́jú ìbọn sábẹ́ bẹ́ńṣì ti kó ara rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó rán an wá sí wàhálà.

Ẹ má sì ṣí bùùtù òṣìṣẹ́ fúnra yín. Tí ẹ bá fẹ́ máa yẹ ọkọ̀ wò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́, kí kálukú fọwọ́ sí i.

Baba Ọdẹ, Ìta-Ògbólú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, ẹ fojú fo àṣìṣe rẹ̀.

Lọ́yà sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ìwé ló ń kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn èèyàn wa sínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, kò sí àgbàlagbà kan ní ìpínlẹ̀ yìí tó máa wo ojú ọdẹ kó ní ẹ gbé ìbọn yín sílẹ̀. Àwa ọdẹ ni wọ́n wá bá nígbà tí wọ́n ń dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ọmọ tèmi wà níbẹ̀. Oko Àlà tí à ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, a ti ń kó ara wa jọ ká tó wọ̀ ọ́ báyìí. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olè ni ọkùnrin yẹn.

Àmọ́ ó ṣe ohun tí kò dára. Ìbọn tó wà nínú bùùtù, kò sí lọ́wọ́ ọdẹ, kò sì sí nílé ọdẹ. Níjọ́ táwọn baba wa wà, tọ́dẹ bá ti igbó dé, kó tó bu omi mu, ó ti gbé ìbọn kọ́ òkè àjà. Olójú méjì, a máa ń dá a láàárín ni, a ó yọ ọta, a ó gbé ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ká rí i pé ó mọ́ gedegbe láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìgbà yẹn ló tó di igi. Tó bá jẹ́ ṣakabùlà ni, ó tún burú jù: ìwo ẹ̀tù nínú ọkọ̀, kí ẹnì kan wá máa mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀!

Ìyá wa, ìbéèrè kan ni mo ní. Ìbọn tí ẹ rí yẹn, ṣé ó dá a kó tó gbé e sínú bùùtù? Ẹ lọ bi í léèrè, kó bá ojú Ògún sọ̀rọ̀.

Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ ní ọgbà, kó máa fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí ọdẹ àdúgbò kó tó wá síbi iṣẹ́. Bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn.

Lọ́yà Alágbàká

Baba, ẹ kú ọlá, ẹ pẹ́ fún wa. Ti olórí ọdẹ yẹn ni mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ta kò. Láísẹ́ńsì olórí ọdẹ, ìbọn tirẹ̀ ló wà fún. Tí ọlọ́pàá bá bá ìbọn ẹlòmíì nínú ilé rẹ̀, àlàyé máa pọ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni òfin mọ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ibi ìkó-ìbọn-sí, wọ́n á sì kọ ìwé fún un.

Baba Ọdẹ, Ìta-Ògbólú

Lójoojúmọ́? Kí ọdẹ ti igbó dé láàárọ̀ kùtù, kó gbé ọ̀yà àti ìbọn lọ bá ọlọ́pàá, kó tún padà lọ gbà á nírọ̀lẹ́? Lọ́yà, ẹ ti dé káńtà àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ kùtù rí ṣá? Wọ́n á ní kó dúró de ọ̀gá. Kí ọ̀gá tó dé, wọ́n ti jẹ ọ̀yà.

Lọ́yà Alágbàká

Baba, mi ò lè jiyàn ti ọ̀yà.

Ántí Oníkòkó, Àkúrẹ́

Baba, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè yín ni mo gbé lọ bá a láàárọ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí mo ní Baba Ọdẹ kan ní kó bá ojú Ògún sọ̀rọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá jẹ́wọ́. Ojú kan ṣófo lọ́jọ́ yẹn, ọta ṣì wà nínú ojú kejì. Ó ní ó ti rẹ òun, òjò ń rọ̀, òun kàn gbé e jù sínú bùùtù. Orí ìyẹn sì ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀ sí tí ó ń wá bàtà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ Texas parí lójú mi níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ìbọn ò gbọdọ̀ wọ géètì wa mọ́, yálà ó wà ní dídá tàbí kò sí. Ó bínú. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n jí òun gbé ni. Mo ní rárá, mo fẹ́ kó délé. Òkè-Àró ló ń gbé, ọ̀nà Ìdànrè tó ń gbà bọ̀ kọjá ibẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní lọ́jọ́ tó bá lọ sígbó, aago mẹ́wàá ni kó wọlé dípò mẹ́jọ, kó gbé ìbọn sílé, kó wẹ̀ pàápàá, torí òórùn ẹran yẹn ń lé àwọn oníbàárà. Wákàtí méjì yẹn, a máa fi kún ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ nígbà tí lọ́rì bá ń kẹ́rù. Àwọn yòókù ti ń kùn pé mò ń ṣojúsàájú. Kí wọ́n lọ ra ìbọn, kí wọ́n máa lọ sígbó lóru, èmi náà á fún wọn ní aago mẹ́wàá.

Mo bi í nípa ilé náà. Ó ní ìyàwó òun àtàwọn ọmọ wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ń yàn láti fi í sínú ọkọ̀. Ọmọ Ìjàpọ̀, àpótí irin tí ẹ sọ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ ní Ìsinkàn, ó ní òun á ṣe èyí tó gùn tó olójú méjì, pẹ̀lú ìdè méjì fún kọ́kọ́rọ́, òun á sì rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá. Stọ́ọ̀ máa san ìdajì, Bọ̀dá Ìwọ̀n náà á san ìdajì díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Katírìjì ò ní gbé inú àpótí kan náà, Baba, mo rò pé ẹ máa fẹ́ kí n sọ ìyẹn.

Lọ́yà, ohun kan ló kù. Ṣé kí n lẹ òfin yìí mọ́ ara ògiri nìkan ni, àbí kí n kọ lẹ́tà sí i?

Baba Ọdẹ, Ìta-Ògbólú

Katírìjì níbòmíì, kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní kó wá rí mi, rọ́bà táyà tó fi di ìdí ìbọn yẹn ò da. Mo mọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣe igi ìdí ìbọn.

Lọ́yà Alágbàká

Ẹ ṣe méjèèjì, Ántí. Ti ara ògiri, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn awakọ̀ lọ́rì àti àwọn àgbẹ̀ náà lè kà á, torí ìbọn lè gba ọ̀dọ̀ tiwọn náà wọlé. Ti Bọ̀dá Ìwọ̀n, lẹ́tà ni. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹnu kò lé sínú ẹ̀: aago mẹ́wàá, owó àpótí, kò sí ìbọn tàbí ọta nínú ọgbà, kò sì gbọdọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi kún un pé tí ìbọn bá sọnù níbikíbi, àgọ́ ọlọ́pàá ni kó kọ́kọ́ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó sọ fún yín. Kó fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tirẹ̀.